Dírẹ́bà Tí Kì í Sọ̀kalẹ̀ Pọnmi

Mo tún rédíò kan ṣe rí, mo tún un ṣe débi pé ìròyìn ọ̀la ló ń kà. Ará Ṣúpárè ló ni ín, àgbẹ̀ oníṣu kan báyìí. Ó gbé e lọ sílé ní Ọjọ́rú, ó tan án, wọ́n sì ń ka ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ fún un: ibi tí òjò máa rọ̀ sí, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ máa kọṣẹ́, oko tí màlúù máa wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé e padà wá, ojú rẹ̀ le koko. Mo ní kí ló dé, ṣé kò sọ̀rọ̀ mọ́ ni? Ó ní ó ń sọ̀rọ̀ jù ni, pé ó ti kéde pé ìyá ìyàwó òun ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun, kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun dín agbára rẹ̀ kù. Mo yọ wáyà kan. Ó padà sí ìròyìn òní. Ìyá ìyàwó náà dé ṣá.

Ẹ lè gbà á, ẹ lè má gbà á. Irú oníṣẹ́ tí mo jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ẹ̀yà iná kékeré kan, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, bá mi jà fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ mọ̀ pé ìjà náà le.

Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo kàwé dé kíláàsì kejì nílé ìwé mọ́dà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé orí tí kò gbàwé lè gbaṣẹ́. Mo mọ nọ́ńbà dáadáa, mo mọ Yorùbá kà, ṣùgbọ́n òyìnbó tó bá ti gùn ju ìlà kan lọ, ṣe ni mo máa ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Láyé ijọ́sí, kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èèyàn márùn-ún ti gbé rédíò dání níta. Fóònù wá dé, ó pa rédíò, ó sì pa èmi náà mọ́ ọn. Rédíò mẹ́tàlélógójì ló wà lórí pákó mi báyìí tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbà. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, mo máa ń kí wọn: "Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé." Ọ̀kan nínú wọn máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ìyẹn fún yín, ẹ ó ní irọ́ mi ti pọ̀ jù.

Ìyàwó mi ti lọ síbi tí àgbà ń rè. Àwọn ọmọ mi wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dáa. Ẹni tó kù fún mi ní gbogbo Àkókó ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkùnrin Ọ̀kà kan fẹ́ nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ọkọ wọn ti kú, ojú wọn sì ti fọ́. Ẹ wò ó, gbogbo ayé ló ń pè mí ní Bàbá. Ọlọ́kadà ń pè mí bẹ́ẹ̀, ààfáà àdúgbò ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn tí irun wọn funfun ju tèmi lọ gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní àbúrò.

Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí wọn. N ó wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, á gba Àkùngbá kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè, èmi náà á máa bá a mí hẹlẹhẹlẹ. A ó jókòó. Rédíò á máa sọ̀rọ̀, àwa náà á máa dá a lóhùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó wọ ọkọ̀ padà, nítorí ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ọkùnrin ń tẹ́ ẹní sí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ wọn kò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn wò mí ni.

Rédíò onígi ńlá tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni. Kókó tí wọ́n fi ń wá ilé iṣẹ́ rédíò lórí rẹ̀ tóbi bí ọsàn kékeré, ìka ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ tẹ̀sùbáà. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó wà ní Àbújá, ra rédíò ìgbàlódé kékeré kan wá fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á níwájú, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún un.

"Ó ń dán bí ẹnu ọmọ tuntun," ni wọ́n wí. "N kò rí eyín kan dì mú níbẹ̀."

Iná kì í sábà dé àdúgbò wọn mọ́, ọmọ náà bá gbé sólà sórí òrùlé, ó ra bátìrì sí i, ó rò pé ó parí. Kò parí. Agbára iná tó jẹ́ fóòtì méjìlá ni rédíò onígi yẹn ń jẹ, kò fẹ́ kó lé, kò fẹ́ kó dín. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ń rọ́ wọ bátìrì, á lé ní mẹ́rìnlá, rédíò á gbóná, á máa rùn bí ìgbà tí wọ́n gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á já sí mọ́kànlá, ẹni tó ń ka ìròyìn á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, títí á fi dákẹ́.

Ní Ọjọ́rú kan báyìí, mo ní iṣẹ́ kan ṣe l'Ọ́kà, mo sì yà kí wọn. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọ wọn fi pè mí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ wá mú Màámi."

"Mú wọn lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ mi. Wọn ò ríran, Bàbá. Àwọn nìkan ló ń gbé inú ilé yẹn. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá wà níbi iṣẹ́."

Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́, wọ́n ti gba fóònù létí mi. "Ta ló ń dá gbé? Ilé tí rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá gbé níbẹ̀."

"Màámi, rédíò tó ń kú lójoojúmọ́ kílẹ̀ tó ṣú?"

"Àbúrò mi á tún un ṣe."

"Ó dáa," ọmọ náà ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni mò ń bọ̀. Bí mo bá bá rédíò yẹn lẹ́nu ọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, tí kò dákẹ́ títí ẹ fi fẹ́ sùn, ẹ ó dúró. Bí mo bá wọlé tí ilé pa rọ́rọ́, Màámi, ẹ máa bá mi lọ ni o, ẹ ò ní bá mi jà."

"Mo gbà," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi bí ẹni dá àwo tí wọ́n ti jẹ tán padà.

Mo ń rò ó nínú mi pé bí wọ́n bá lọ, ta ni n ó máa wọ ọkọ̀ lọ kí ní Ọjọ́bọ̀?

Ẹ̀rọ tó lè sọ iná kalẹ̀ nígbà tó bá pọ̀, tó tún lè gbé e sókè nígbà tó bá kéré, ni mo fẹ́ ṣe. Kì í ṣe idán. Ẹ̀yà iná mẹ́rin tí à ń pè ní mọ́sìfẹ́ẹ̀tì ni, tí ń ṣí tí ń padé bí ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Méjì wà lọ́dọ̀ bátìrì, méjì wà lọ́dọ̀ rédíò, nínú méjì kọ̀ọ̀kan ọ̀kan sì wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú àpótí mi. Ohun tó kù ni èyí tí àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní dírẹ́bà, ẹ̀yà kékeré tó máa ń taari àwọn ilẹ̀kùn náà kí wọ́n lè ṣí. Ti ìsàlẹ̀ kò ní wàhálà, ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ti òkè ló le. Ẹni tó máa ṣí i gbọ́dọ̀ dúró síbi tó ga ju iná bátìrì fúnra rẹ̀ lọ. Níbo ló ti máa wá rí iná tó ga tó bẹ́ẹ̀? Dírẹ́bà téèyàn bá yàn ló máa dáhùn ìyẹn.

Ìnfátà mẹ́ta tó ti kú wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo tú dírẹ́bà jáde lára wọn. Àwọn tó lágbára ni, orúkọ wọn sì dún. Mo fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀.

Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà iṣẹ́ náà sórí tábìlì ni ọmọbìnrin kan wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àkùngbá, tó gbé fáànù oníṣájì wá fún àtúnṣe. Ìmọ̀ iná gan-an ló ń kọ́ nílé ìwé.

"Bàbá, ta ló ya eléyìí?"

"Àǹjọ̀nnú kan ló yà á fún mi lójú oorun."

"Àǹjọ̀nnú yẹn mọ̀wé o. Dírẹ́bà wo lẹ fẹ́ lò sí i?"

Mo nà án sí i. Ó wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó ń kà, iwájú orí rẹ̀ ń ká kò.

"Bàbá, eléyìí kò ní bá iṣẹ́ yín mu."

"Kí ló ṣe é? Ó lágbára bí akọ màlúù."

"Kì í ṣe ti agbára. Wọ́n ní kapásítọ̀ kékeré kan ló ń gbé iná fún un tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn òkè. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ bá ṣí nìkan ni kapásítọ̀ yẹn sì ń rí iná kún inú. Lọ́sàn-án, kò séwu, àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí, wọ́n ń padé, kapásítọ̀ ń kún. Ṣùgbọ́n tí bátìrì bá ti já sí méjìlá sísàlẹ̀, ilẹ̀kùn òkè tó wà lọ́dọ̀ bátìrì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí ni, kò gbọdọ̀ padé rárá. Ti ìsàlẹ̀ ò ní ṣí mọ́. Kí ló máa wá kún kapásítọ̀?"

Ó yé mi. Ó yé mi yékéyéké, ìyẹn ló ń dùn mí. Bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè Ọ̀kà ni, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń pọnmi. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń sọ̀ tó ń gùn, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò ní gbẹ. Ẹ wá ní kó dúró sókè, kó má sọ̀kalẹ̀ mọ́. Á mu èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó parí.

"Èyí tó yẹ yín," ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ni irú èyí tó ní pọ́ǹpù nínú ara rẹ̀. Ìyẹn kì í sọ̀kalẹ̀ pọnmi, orí òkè níbẹ̀ ló ti ń fa omi tirẹ̀. Ẹ ò lè rí i ní Ìkàrẹ́ níbí. Ṣé kí n bá yín béèrè rẹ̀ ní Èkó?"

"Kẹ́ẹ̀gì ńlá ni n ó gbé fún un."

"Kẹ́ẹ̀gì wo?"

"Kapásítọ̀. N ó fi ńlá sí i."

"Ńlá náà á gbẹ, Bàbá."

"Á pẹ́ kó tó gbẹ."

"Bàbá!"

"Ọmọ mi, kó o tó mọ ọ̀nà ẹnu rẹ ni mo ti ń jó léèdì mọ́ wáyà. Fáànù rẹ ti ṣe tán. Máa lọ gbatẹ́gùn."

Ẹ má bá mi wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Oògùn kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní. Rédíò tó bá ń kùn, fi kapásítọ̀ ńlá sí i. Èyí tó bá ń dákẹ́, fi kapásítọ̀ ńlá sí i. Èyí tí wọ́n jù mọ́ ògiri nígbà tí tọkọtaya ń jà, fi kapásítọ̀ ńlá sí i, kó o sì bá wọn parí ìjà. Kò sí oníṣẹ́ rédíò ìgbà wa kan ní Ìkàrẹ́ tí kò lo oògùn yẹn, ó sì ń jẹ́ nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìkẹwàá ni ẹ ń kà yìí.

Mo ṣe é tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àṣà wa ni pé ọ̀sán gangan la ń dán iṣẹ́ wò, tí a ó sì kọ agbóhùnsókè sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́ pé ọwọ́ wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbé e sí bátìrì mi, mo tan án. Ohùn tó jáde mọ́ bí omi òkúta. Mítà mi dúró lórí méjìlá, kò mì. Ọlọ́kadà méjì dúró, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ṣì wà níbẹ̀!" Mo ju ọwọ́ sí wọn bí olóṣèlú. Kò sí èyí tó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n dúró di ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, ta ló fẹ́ gbọ́ mi? Títì ti dá.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé e lọ sí Ọ̀kà, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ bí ọmọ. Gbogbo ọ̀sán yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń yí kókó rédíò sọ́tùn-ún sósì, inú wọn ń dùn.

"Kò rùn lónìí."

"Kò lè rùn mọ́."

"Ọmọ Àbújá yẹn á kàn wá jẹ iyán ni, á sì padà."

A kírun Alásárì, ó ń sọ̀rọ̀. A jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. A kírun Màgàríbì tán, mo jókòó padà, ẹni tó ń ka ìròyìn sì ń dárúkọ ìlú kan, ó dárúkọ náà dé ìdajì, ó dákẹ́.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdákẹ́jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, n kò gbọ́ irú ìyẹn rí.

"Ṣé ìwọ lo pa á?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Rárá o."

Ó padà wá, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó tún lọ. Mo fi ìka ta àpótí ẹ̀rọ náà. Ó tún sọ méjì.

"Ilé iṣẹ́ wọn ni," mo ní. "Wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n ti lọ sílé."

"Àbúrò, láti kékeré rẹ, bí o bá ń parọ́, o máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Òótọ́ lo máa ń pariwo mọ́ni."

Mo mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Kí ni ọlọ́gbọ́n máa ṣe lórí irú èyí? Á gba Àkùngbá lọ, á bẹ ọmọ yẹn. Èmi gba ilé lọ, mo wá kapásítọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ, èyí tó tó àtàǹpàkò, mo dè é mọ́ ọn bí ẹni gbé garawa kọ́ ọrùn eku. Ọjọ́ Àìkú, ó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dákẹ́. Mo wá èyí tó tóbi ju ìyẹn náà lọ. Ìgbà tí mo tan ìyẹn ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, garawa náà tóbi débi pé kò tètè kún, dírẹ́bà kò rí agbára ṣí ilẹ̀kùn tán, ilẹ̀kùn wá ṣí dé ìdajì, iná ń fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, mọ́sìfẹ́ẹ̀tì gbóná, ó gbóná, ó bú gbàù!

"Kí nìyẹn?" ẹ̀gbọ́n mi fò dìde.

"Ọdẹ ló yìnbọn."

"Ọdẹ wo ló ń dọdẹ nínú yàrá mi? Kí ló pa?"

"Kò pa nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

Èéfín kún ojú mi. Wọn kò rí èéfín, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ti ń parí lọ nígbà yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Àkùngbá. Mo bá ọmọ náà níwájú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tó ń fọ aṣọ. Ó rí mi, ó rí mọ́sìfẹ́ẹ̀tì dúdú tí mo mú dání, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa.

"Kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ gbé fún un, Bàbá?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ kú ìrójú."

"Bá mi béèrè èyí tó ní pọ́ǹpù."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fóònù, ó pe Èkó. Wọ́n ní á tó ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ka ọjọ́ tó kù lọ́wọ́ mi, mo tún un kà bóyá mo ṣì í. N kò ṣì í.

Láti ìgbà náà, n kò dúró de Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí Ọ̀kà. Mo so rédíò padà mọ́ bátìrì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo ń pa á lọ́sàn-án tó bá ti ń rùn, bó bá sì dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo ń di rédíò. N ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí rẹ̀, n ó fi ẹnu sún mọ́ aṣọ tí ohùn ń gbà jáde, n ó wúkọ́ díẹ̀:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Nínú ìròyìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ewúrẹ́ kan ní Epinmi ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín pé òun ń lọ fún ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì."

"Ṣé wọ́n gbà fún un?" ẹ̀gbọ́n mi á béèrè.

"Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi ẹnì kan sílẹ̀ dípò ara rẹ̀."

"Ka ti ojú ọjọ́."

"Òjò á rọ̀ sórí oko àwọn tó bá ń kí àbúrò wọn dáadáa. Àwọn tó kù, kí wọ́n gbé garawa."

"Ìkéde òkú ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó kú lónìí. Gbogbo wọn ní àwọn ṣì ń rò ó."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi bá wọn. N kò tíì ní olùgbọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń padà sí Ìkàrẹ́ kì í dúró de ìròyìn. Bí mo bá dìde, tí mo ń gbọn eruku orúnkún mi, àwa méjèèjì la máa ń gbọ́ bí ilé ṣe ń dákẹ́ láti igun wá sí àárín.

"Àbúrò," ni wọ́n sọ lọ́jọ́ kan tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà, "o ṣeun o. Ṣùgbọ́n rédíò tó ń wọ ọkọ̀ lọ sílé kì í ṣe rédíò."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dírẹ́bà náà dé, ọ̀la rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Inú ìwé pélébé kan ló wà. Ó kéré débi pé mo di èémí mú kí n má baà fẹ́ ẹ lọ. Mo jó o mọ́ ọn láàárọ̀, n kò fi kapásítọ̀ ńlá kankan sí i, mo gbé e gun òkè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti mítà. Mẹ́tàlá. Méjìlá àbọ̀. Méjìlá. Ó bọ́ sí mọ́kànlá àti díẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò kọsẹ̀. Ó dárúkọ ìlú kan, ó dárúkọ náà parí, ó bọ́ sórí òmíràn.

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Ìwọ kọ́ lo wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Iwájú yín ni mo jókòó sí. Ẹ fọwọ́ kàn mí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka wá ojú mi, wọ́n wá imú mi, wọ́n wá ẹnu mi, wọ́n rí i pé ó wà ní pípadé. Wọ́n gbé ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ wọn dé ní Ọjọ́rú lẹ́yìn Màgàríbì, ó gbọ́ ohùn rédíò láti ìta, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Ó jẹ iyán, ó sì padà. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ọ̀kà títí dòní.

Irọ́ mi tó kù, ẹ̀yin fúnra yín ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe ń kà á. Èyí nìkan ni ẹ kò ní mọ̀ bí n kò bá sọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni dírẹ́bà náà dé ní tòótọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé ní Ọjọ́rú bó ṣe wí, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rédíò, mò ń ka ojú ọjọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, rédíò ni mo sọ." Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn, wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bá ọmọ wọn lọ sí Àbújá. Rédíò onígi kò gba inú mọ́tò, ọ̀dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ ló wà. Mo jó dírẹ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ ní ọjọ́ Sátidé, mo dúró di ìrọ̀lẹ́, bátìrì já sí mọ́kànlá, kò dákẹ́. Òótọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti gba ti ọmọ Àkùngbá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ì bá ti dé kí mọ́tò Àbújá tó dé. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìka ẹ̀gbọ́n mi lójú mi, àti pé wọ́n ṣì wà ní Ọ̀kà: èmi ni mo hùmọ̀ wọn.